Aró, Ìmọ̀ àti Tíọ́rì

Bí ènìyàn bá gba Sángo-Ọ̀tà kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ rí. Yunifásítì Covenant ti wà ní Ọ̀tà láti 2002, Bells sì tẹ̀ lé e ní 2005. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé ṣe di aládùúgbò. Èwo ni bàbá èkejì: ìmọ̀ ni, tàbí tíọ́rì tí í ṣàlàyé ìdí abájọ?

Ìtàn aró Abẹ́òkúta lè la ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá aláró fi ń pa aṣọ láró. Wọ́n mọ̀ pé inú ìkòkò kọ́ ni àwọ̀ aró ti í hàn. Afẹ́fẹ́ ìta ni í mú un jáde. Ìmọ̀ gidi ni èyí, láìsí tíọ́rì.

Ní 1883, Adolf von Baeyer ti Jámánì ṣàlàyé bí èròjà aró ṣe so pọ̀. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF gbé aró àtọwọ́dá wọ ọjà, láìlo ewé kankan. Nígbà tí aró yìí àti sódà dé Abẹ́òkúta, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n àlàyé kò bá ọjà wá. Àwọn ènìyàn ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó sì ń tètè gbó. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè wọ́n. Àwọn aláró fàáké kọ́rí.

Òfin kò lè ṣe iṣẹ́ àlàyé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ lò ní Ọ̀tà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ jókòó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà tí ẹlòmíràn ṣe ni a óò máa rà, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.