Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ogún Tí A Gbàgbé Sí Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé wa ní Barking àti Dagenham, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ tí a fi sílẹ̀ fún òjò. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ohun tó ṣe é kò tó nǹkan: túùbù kan jò, ṣéènì dípẹtà, tàbí wáyà ìjánu kan já. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé ni mo ń ṣe. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ ilé tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, tí bàbá tàbí ìyá ilé sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé owó bọ́ọ̀sì ti bá owó oúnjẹ lọ. Bí mo bá béèrè ìdí tí wọn kò fi tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe, ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní ni pé owó àtúnṣe pọ̀. Èkejì, èyí tí wọ́n máa ń sọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ni pé kẹ̀kẹ́ gígùn kò yẹ àgbàlagbà tó ti ilé wá sí Ìlú Ọba.

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá ìdáhùn méjèèjì lóhùn, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìtàn kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Dagenham yìí kò ní tijú rẹ̀, kò sì ní bẹ̀rù àtúnṣe rẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí ni ọwọ́ ń tún ṣe

Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yìí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ni ó sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Láàárín àkókò kan náà ni iṣẹ́ Raleigh bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham, ní òpópónà tí ó ti gba orúkọ rẹ̀, tí Frank Bowden sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá.

Láti ìgbà náà, ìpìlẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò yí padà púpọ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó fara pamọ́. Ojú ń rí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, sípánà sì lè tú wọn. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ tí a ṣe ní ọdún 1955 fi lè rìn lónìí, bí ẹnì kan bá ń tọ́jú rẹ̀.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe di ti wa

Ọkọ̀ òkun ni ó gbé kẹ̀kẹ́ dé Èkó láti Ìlú Ọba. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi UAC àti John Holt wà lára àwọn tí ń kó ọjà òyìnbó wá, orúkọ bíi Raleigh, Hercules àti BSA sì di ohun tí ọmọdé pàápàá ń pè. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ ológeere, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ń sọ bí ó ṣe ń yí geere lọ lójú ọ̀nà.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n kò dé ahéré tí a ti ń gbin kòkó. Mọ́tò wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò gbà á. Kẹ̀kẹ́ ni ó so oko pọ̀ mọ́ ìlú. Òun ni olùra kòkó gùn lọ bá àgbẹ̀. Òun ni ẹlẹ́mu fi gbé agbè wọ ọjà. Òun ni akọ̀wé kóòtù àti oníwàásù ń gùn láti abúlé kan dé èkejì. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ń pọ̀ sí i ní abúlé, ọ̀pọ̀ tíṣà ni ó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, irú tíṣà bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn òbí wa.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú nígbà náà. Ẹni tó bá ra tuntun, àwọn ará ilé a bá a yọ̀. Ẹlòmíràn a fi aṣọ bo ìjókòó rẹ̀, a sì máa fi àkísà nu ríìmù rẹ̀ ní alaalẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ iyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ abẹ́ igi

Ẹ̀yin òbí mi, tuntun kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí nígbà tó dé ọwọ́ àwọn tó gùn ún pẹ́ jù. Bàbá a gùn ún, àbúrò a gbà á, ọmọ a sì jogún rẹ̀. Ẹni tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́, tí ìsọ̀ rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ igi tàbí ní ẹ̀bá ọjà. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: sípánà mélòó kan, pọ́ǹpù, gíríìsì, sọ́lúṣàn, àti abọ́ omi. Yóò fẹ́ atẹ́gùn sí túùbù, yóò tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, ibi tí omi bá ti ń hó ni ojú jíjò wà. Yóò fi nǹkan ha ojú rẹ̀, yóò fi sọ́lúṣàn pa á, yóò dúró kí ó gbẹ díẹ̀, kí ó tó lẹ rọ́bà tó gé lára túùbù àtijọ́ mọ́ ọn.

Kò sí ohun tó ń ṣòfò ní ìsọ̀ náà. Túùbù tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́ di okùn tí a fi ń di ẹrù mọ́ káríà. Táyà tó ti jẹ di àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ríìmù tó wọ́ di ohun ìṣeré tí ọmọdé ń fi igi yí kiri àdúgbò. Ọmọṣẹ́ tó bá sìn fún ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún mélòó kan yóò mọ bí a ṣe ń fi sípókù na ríìmù títí yóò fi tọ́, láìní ẹ̀rọ kankan ju ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan fúnra wa: ní àwọn ọdún 1960, Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá ará Ìjẹ̀bú-Òde dá ilé iṣẹ́ táyà àti túùbù sílẹ̀.

Dagenham náà, ìlú kẹ̀kẹ́ ni

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sí ibi tí a ń gbé. Láàárín ọdún 1921 sí 1935 ni ìjọba ìgbìmọ̀ London ìgbà náà kọ́ àwọn ilé Becontree, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ilé, fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde kúrò ní ìlà-oòrùn London. Ní ọdún 1931 ni Ford ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní etí odò Thames. Mọ́tò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é gùn wá síbi iṣẹ́. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbé inú ilé tí a ń gbé lónìí, òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ owó ná ni wọ́n. Wọ́n ń lẹ túùbù wọn lórí tábìlì ìdáná gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń lẹ̀ ẹ́ lábẹ́ igi.

Ní ọdún 2002, Ford ṣíwọ́ títo mọ́tò ní Dagenham. Ní ọdún kan náà ni Raleigh ṣíwọ́ títo kẹ̀kẹ́ ní Nottingham. Iṣẹ́ ti lọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe ṣì kún ẹ̀yìnkùlé.

Níbo wá ni ìtìjú ti wọlé? Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ni ó gbé e wá. Lẹ́yìn owó Udoji, alùpùpù àti mọ́tò di àmì ẹni tó rí jájẹ. Nígbà tí ètò SAP dé ní ọdún 1986, tí mọ́tò sì wọ́n, ọ̀kadà ni ó gba ọ̀nà, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá sí Ìlú Ọba lẹ́yìn náà gbé èrò yẹn mọ́ra bọ̀: pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ti òtòṣì. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ pín ìwé owó àádọ́ta pọ́n-ùn fún ará ìlú láti tún kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣe. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, àwọn ènìyàn sì ya bò ó. Ètò náà ti parí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parí.

Ohun tí owó kékeré lè ṣe

Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nílé, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì yẹ egungun rẹ̀ wò. Bí irin náà bá ti sán níbi tí a ti jó o pọ̀, ẹ má náwó lé e lórí mọ́. Bí kò bá sán, ó ṣeé tún ṣe.

Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà kí ẹ tó ra òmíràn. Raleigh àtijọ́ tí a kọ 26 x 1 3/8 sí lára ń lo táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 590. Táyà 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè jẹ́ 559, kò sì lè wọ̀ ọ́. Èyí tó ga, tí a kọ 28 x 1 1/2 sí, ń lo 635. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra táyà tí kò wọ̀ nítorí àìka nọ́ńbà yìí. Bákan náà, Raleigh gé òjé ibi tí apá ìwakẹ̀kẹ́ wọ̀ lọ́nà tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Nítorí náà ẹ má sọ irin abẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ àwọn ọta inú rẹ̀, kí ẹ sì fi gíríìsì tuntun sí i. Kọ́tà tó bá gan, ẹ fi epo rin ín mọ́jú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibì kan wà tí a kò gbọdọ̀ ti ṣọ́ owó: ìjánu. Ríìmù onírin dídán kì í gba ìjánu dáadáa nínú òjò, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ti le, kí ẹ sì máa tètè fà á. Òfin sì béèrè iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn ní alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ wo nọ́ńbà abẹ́ egungun rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, kí ọmọ yín má baà gun ohun tí a jí gbé.

Ìtọ́jú yòókù kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀: atẹ́gùn, epo sí ṣéènì, àti àkísà gbígbẹ lẹ́yìn òjò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà ṣe ń wọ irin. Owó sọ́lúṣàn àti rọ́bà ìlẹ̀ kò ju ti bọ́ọ̀sì ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ sí ìdí iṣẹ́ náà. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ní họ́ọ̀bù Sturmey-Archer, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ ó rí ọdún tí a ṣe é tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé níbo ni bàbá àgbà rẹ̀ wà ní ọdún náà, àti pé kí ni ó ń gùn. Láti ìdí abọ́ omi àti túùbù tó ń jò, ẹ lè kọ́ ọ ní ìtàn ilé rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọgbọ́n títún nǹkan ṣe sì wà nínú ẹ̀ṣọ́ tí a kó wá.