Ta ni aṣojú òṣìṣẹ́ ń jíṣẹ́ fún? Ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ reluwé Èbúté Mẹ́ta

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ọjà Oyíngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í rò ni pé olú iléeṣẹ́ reluwé Nàìjíríà ò jìnnà sí ọjà yìí, ní Èbúté Mẹ́ta níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbàlá yìí ló fi apá kejì òwe náà han ìjọba amúnisìn: ọ̀gá lè má mọ̀ pé ẹnì kan ò wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn ò bá wá, yóò mọ̀.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi di 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ reluwé kó onírúurú èèyàn jọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ní 1931, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ inú àgbàlá náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìyẹn Railway Workers Union. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jáde ní 1938, wọ́n sì forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin yìí ní 1940. Michael Imoudu ni olórí wọn. Ọmọ Ọ̀rà ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. Ọdún 1929 ló wọ iṣẹ́ reluwé.

Ogun àgbáyé kejì sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ ò sì gbéra. Ní oṣù Kẹsàn-án 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ reluwé wọ́ lọ sílé gómìnà. Ní 1942, ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní àfikún owó nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Ṣùgbọ́n ní 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ jìnnà sí Èkó, títí tó fi dé Auchi. Èrò wọn ni pé bí aṣojú bá ti lọ, àwọn tó ń ṣojú fún á dákẹ́.

Wọn ò dákẹ́. Nígbà tí Imoudu padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló jáde pàdé rẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń béèrè kí àfikún náà fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, kí owó iṣẹ́ ojúmọ́ má sì dín ní ṣílè méjì ààbọ̀. Ìjọba kọ̀. Bí ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan nínú àwọn olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní kí wọ́n sún un síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ò gbà. Ní òru ọjọ́ 21 mọ́ 22 oṣù Kẹfà, iṣẹ́ dúró. Ẹgbẹ́ 17 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000, ó sì ju oṣù kan lọ kí ó tó parí.

Kí ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo àkókò yìí? Ibí gan-an ni ìtàn náà ti dùn mọ́ wa jù. Alimotu Pelewura àti àwọn ìyálọ́jà Èkó dáwó sínú àpò ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ti ìyanṣẹ́lódì náà lẹ́yìn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ti bá ìjọba fà á lórí iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ nígbà ogun, nítorí náà ìjà òṣìṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: bí kò bá sí owó ọjà wọn, ó ṣeé ṣe kí ebi lé àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Hubert Ogunde, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ní Èbúté Mẹ́ta, gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìtàgé lọ́dún náà gan-an. Strike and Hunger ló pè é. Nígbà tó gbé eré náà dé Jos ní 1946, ọlọ́pàá dá a dúró, ilé ẹjọ́ sì ní kí ó san owó ìtanràn. Àwa tí à ń kọ́ nípa eré oníṣe Yorùbá ní láti rántí pé ẹ̀gbẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni eré yìí ti dìde.

Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ Tudor Davies gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni àfikún ìdá 50 tí wọ́n béèrè.

Kí ló kàn wá? Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ló ń wọṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàtà, wọn ò sí nínú ìwé iléeṣẹ́, wọn ò sì ní ẹgbẹ́. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í dá rìn. Àwọn ará Èbúté Mẹ́ta yan aṣojú, wọ́n dúró tì í nígbà tí wọ́n lé e lọ, wọn ò sì tẹ̀ lé àwọn olórí tó fẹ́ sún ọjọ́ síwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣíwájú wa jáde, ta ló ń ṣojú yín níbi iṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ yàn án ni, àbí ọ̀gá yín?