Ẹ̀yà Ara àti Ẹ̀yà Irú: Ìtàn Pípín Ohun Èlò Ẹ̀rọ sí Ìsọ̀rí, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáàrà

Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀yà" ní nínú èdè Yorùbá. Èkíní ni ti ẹ̀yà ara: ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀ lára. Èkejì ni ti irú tàbí ìran: ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀yà Ìjẹ̀ṣà ní Ẹ̀sà-Òkè, Ìjẹ̀ṣà náà ni bí ó bá ṣe iṣẹ́ òṣómàáló dé òkè Ọya. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé àìya ìtumọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀ ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣòro tí ó ń bá pípín ohun èlò ẹ̀rọ sí ìsọ̀rí. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó dá ìṣòro náà sílẹ̀. Ó ti wà láti ìgbà tí ohun èlò kan ti lè kúrò lára ẹ̀rọ kan bọ́ sára òmíràn.

1. Ìgbà tí ipò nìkan tó

Ní ayé àtijọ́, ipò àti iṣẹ́ ni a fi ń sọ ohun èlò lórúkọ. Lára òfì, ìtẹsẹ̀ ni ohun tí ahunṣọ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni ohun tí ó ń gbé òwú lọ tí ó sì ń gbé e bọ̀. Bí ọ̀kan bá kán, a gbẹ́ òmíràn tí ó bá òfì náà mu. Kò sí ìdí láti to orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, nítorí pé òfì kan pàtó ni a ṣe é fún.

Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth dábàá ní ìlú Ọba pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa gé tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí ó lọ́ yí bóòtù ká, ní ìwọ̀n kan náà. Láti ìgbà náà ni bóòtù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀yà ní ìtumọ̀ kejì. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó gbé wọ ilẹ̀ náà: ẹ̀rọ tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò kò rọ, tí bóòtù kan lára rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá bóòtù mìíràn ní Èkó tàbí ní ìlú Ọba.

2. Ìsọ̀rí àwọn mekáníìkì

Àwọn mekáníìkì kò dúró de ìwé kí wọ́n tó ní ìsọ̀rí tiwọn. Sípánà tí ó ń tú nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń pè é: nọ́ọ̀tì 12, nọ́ọ̀tì 14, nọ́ọ̀tì 17. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé orúkọ náà sọ fún ọmọṣẹ́ ohun tí yóò mú wá fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ orí ni ó wọ̀n. Kò wọ tírẹ́ẹ̀dì. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́ ti Jámánì, bóòtù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10 ní orí tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 17. Lára ọkọ̀ Japan, orí bóòtù yìí kan náà sábà máa ń jẹ́ 14, bóòtù mìlímítà 12 ni ó sì máa ń ní orí 17. Nítorí náà, orúkọ kan, "mẹ́tàdínlógún", kó ẹ̀yà méjì tí kò lè rọ́pò ara wọn pọ̀. Àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ náà ní ìpín tiwọn: tuntun tàbí tòkunbọ̀, ti Peugeot tàbí ti Toyota. Ìpín kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó ṣe é. Kò sí èyí tí ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè.

3. Ìsọ̀rí alákọsílẹ̀

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí bá àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ọmọ ogun kan a máa ra ohun tí ó wà nínú àká ẹ̀ka kejì lábẹ́ orúkọ mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1952 pa á láṣẹ pé kí ohun kan ní orúkọ kan àti nọ́ḿbà kan. Láti 1974, nọ́ḿbà náà di oníhóró 13. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó ń sọ ìsọ̀rí: 3110 fún bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù àti irú rẹ̀, 5306 fún bóòtù, 5310 fún nọ́ọ̀tì àti wáṣà. Kò sí orúkọ ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yà irú ni ó kà sí. Ó fi ẹ̀yà ara sílẹ̀.

Ní Aachen ní ilẹ̀ Jámánì, Herwart Opitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ìrísí ohun èlò ni hóró márùn-ún àkọ́kọ́ nínú tiwọn ń sọ, kí a lè kó àwọn tí a ó fi ọ̀nà kan náà ṣe jọ. Àǹfààní olùṣe ni èyí. Alátùn-únṣe nílò nǹkan mìíràn.

4. Òṣogbo àti ìwé àṣẹ iṣẹ́

Ní àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ yìí di ti Òṣogbo gan-an. A dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1980 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ HMT ti Íńdíà. Ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kọ́, àwọn méjì yòókù wà ní Jọ́ọ̀sì àti Katsina. Tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún ni a pète fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun èlò a máa pọ̀ ju ohun tí orí ẹnì kan lè gbà, olùṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a sì máa fún un ní nọ́ḿbà tirẹ̀.

Bẹ́rìn 6205 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ojú ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, fífẹ̀ ìta rẹ̀ 52, nínípọn rẹ̀ 15, ẹni yòówù kí ó ṣe é. Bí akọ̀wé sítọ̀ bá kọ ọ̀kan sílẹ̀ bí "bẹ́rìn pọ́ǹpù omi", tí ó kọ èkejì bí "bẹ́rìn mọ́tò iná", tí ó sì fi nọ́ḿbà olùṣe ẹ̀rọ kọ ẹ̀kẹta, ohun kan ti di mẹ́ta. Pọ́ǹpù yóò dákẹ́ nítorí àìsí bẹ́rìn, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́rìn náà wà nínú sítọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ àtúnṣe wá láti yanjú èyí, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é bí ẹni tí ń kọ̀wé sínú rẹ̀ bá da ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìlànà àgbáyé ISO 14224, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1999 fún iṣẹ́ epo àti gáàsì, fi ọ̀nà kan hàn. Nínú àtẹ̀jáde rẹ̀ ti 2006, ìpele mẹ́sàn-án ni ó wà: márùn-ún ń sọ ibi àti ìlò, mẹ́rin yòókù ń tú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ palẹ̀ dé orí ohun èlò tí ó kéré jù. Ìwé ipò nìyí. Ìwé irú yàtọ̀ sí i: òun ni sítọ̀ ń lò, 6205 kò sì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àṣẹ iṣẹ́ ni ó so ìwé méjèèjì pọ̀. Ìwé ipò yóò fi pọ́ǹpù tí ń ba bẹ́rìn jẹ́ lemọ́lemọ́ hàn. Ìwé irú yóò sọ iye tí ó yẹ kí a rà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé ibi iṣẹ́ kékeré kò nílò gbogbo èyí, pé orí ọ̀gá tó. Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá bá wà níbẹ̀. Bí ó bá fẹ̀yìntì, ìsọ̀rí rẹ̀ bá a lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kó orúkọ àwọn mekáníìkì dànù nígbà tí a bá ń ṣe ìwé irú. Kí a kọ "nọ́ọ̀tì 17" sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹni tí ó mọ ọ̀kan lè rí èkejì. Ẹ̀sà-Òkè, níbi tí Pólì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka kan tí ó di ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ń kọ́ irú àwọn ènìyàn tí yóò dúró láàárín ẹnu mekáníìkì àti ìwé akọ̀wé. Èdè wọn ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀.