Àtẹ̀gùn Mẹ́ta ní Ẹnu Ọ̀nà Ìsọ̀

Orí àtẹ̀gùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mú àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, lọ sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí n kò ní dárúkọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí i sí, ìlú àwọn ọmọ Àyàn. Ó gbọ́ pé wọ́n ń ta dùndún àti bàtà níbẹ̀, ó sì fẹ́ wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ilé wa ni. A rìn yíká díẹ̀díẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí a dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun ìrántí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àtẹ̀gùn mẹ́ta, kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, ẹnu ọ̀nà sì há.

Ọmọbìnrin tó ń tajà ṣe dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, màá gbé e jáde fún yín." Àǹtí dúró sínú oòrùn, ọmọ náà ń gbé ìlù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, Àǹtí ní ó tó. Ó mú ọ̀kan, ó sanwó. Inú ọkọ̀ ló ti wá sọ fún mi pé, "Ìwọ wọlé, o wo gbogbo rẹ̀, o ò ra nǹkan kan. Èmi rà, n kò rí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ọkàn mi lọ sí Ifọ́n. Ifọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí wa ní Ẹ̀rìn. Olúfọ́n ni orúkọ oyè ọba wọn, Òrìṣà Olúfọ́n sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe Ọbàtálá níbẹ̀. Nínú ìtàn, arúgbó ni òrìṣà yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àwọn olórìṣà ní ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ, ó lọ. Èṣù da epo àti èédú sí i lára lójú ọ̀nà, aṣọ funfun rẹ̀ dọ̀tí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó já, ó mú un dání kó lè dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba ní olè ni, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún 7. Òjò kọ̀, obìnrin kò bímọ, kí ọba tó dá Ifá, kí wọ́n tó mọ ẹni tó wà ní túbú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé ìtàn náà dání. Títí dòní, àwọn ilé òrìṣà ní Bahia ń pọn omi lọ́dọọdún láti fi rántí bí wọ́n ṣe wẹ òrìṣà náà mọ́.

Ẹ wò ó dáadáa: àlejò tó ń fi ọ̀pá rìn ni. Ó wá kí onílé, ẹnu ọ̀nà ni ìyà ti jẹ ẹ́.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti òrìṣà yìí ni àwọn àfín, abuké, aràrá àti arọ. Ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ojú méjì ni orúkọ yẹn ní. Ó ń fún wọn lọ́wọ̀, ó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtàn tó ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n náà ló tún ní ó ti mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ wọ́n.

Ní 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ Austria, dé Nàìjíríà. Ó gbé ní Ẹdẹ àti Ìlobùú kó tó kó lọ sí Òṣogbo. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ ní Ẹdẹ ló ti di olórìṣà Ọbàtálá. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ló ṣe àwọn ère Igbó Ọ̀ṣun. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ ẹni tó ń sin òrìṣà àwọn aláàbọ̀ ara wà nínú ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tó lókìkí jù lọ ní agbègbè wa.

Òfin náà ti sọ̀rọ̀. Ní 2010, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Abala 30 nínú rẹ̀ mẹ́nu ba ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìrìn àjò afẹ́ àti àwọn ibi ìtàn. Ní oṣù Kìíní 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tiwa. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní 2024.

Àwọn kan á ní a ò lè ba nǹkan àtijọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní ìparí 2020, Gíríìsì fi ẹ̀rọ agbéniròkè tuntun sí Acropolis ní Athens, wọ́n da kọnkéré sí ojú ọ̀nà, àwọn onímọ̀ kan sì bínú sí kọnkéré náà. Ilé òrìṣà tó wà lórí òkè yẹn ti lé ní 2,400 ọdún. Àmọ́ ìsọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe ojúbọ. Búlọ́ọ̀kù àti páànù ni. Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó tẹ àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn. Àwa la kọ́ ọ, lójú wa yìí.

Ìṣirò rẹ̀ ò sì le. Ìlànà tí wọ́n ń lò kárí ayé ni pé bí ibi kan bá ga ní ìwọ̀n 1, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ún gùn ní ìwọ̀n 12. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 45. Ọ̀nà tó gùn ní mítà 5 àti ààbọ̀ ti tó o. Ká fi irin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká fẹ ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nítorí náà, kí pẹpẹ kan wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó jókòó. Kí wọ́n jẹ́ kí afọ́jú fọwọ́ kan ère, kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀ gàdàgbà fún adití.

Inú rere ọmọ tó ń tajà kò lè dípò ọ̀nà. Àǹtí kò lọ tọrọ àánú, ó lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ìlú rẹ̀ ni. Kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wo ọjà, kó gbé e, kó dá a padà, kó yan òmíràn, ẹ̀tọ́ oníbàárà ni.

Ìlù yẹn wà lórí tábìlì Àǹtí báyìí. Mo bi í bóyá iṣẹ́ Ẹ̀rìn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bóyá ti Ẹ̀rìn wà nínú ilé lọ́hùn-ún."