Denis Noble

Denis Noble (tí a bí ní ọjọ́ 16 Oṣù Kọkànlá, ọdún 1936) jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí lórí bí iná mànàmáná inú ara ṣe ń mú kí ọkàn lù. Ní ọdún 1960, òun ni ó kọ́kọ́ fi ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe iṣẹ́ iná inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń lò lónìí láti mọ̀ bóyá oògùn tuntun lè da lílù ọkàn rú.

Ìgbésí ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Noble sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Emanuel School àti ní University College London, níbi tí ó ti ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Otto Hutter. Ní 1963 ó lọ sí Yunifásítì Oxford, ó sì di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ní Balliol College. Láti 1984 títí di 2004 ni ó fi wà ní ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n Burdon Sanderson fún ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà íónì inú ọkàn

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo sẹ́ẹ̀lì ọkàn kọ̀ọ̀kan. Inú awọ yìí ni àwọn ihò tíntìntín tí a mọ̀ sí ọ̀nà íónì wà. Wọ́n máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń tì, kí sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù lè wọlé tàbí jáde. Nítorí pé àwọn íónì wọ̀nyí ru agbára iná, ìrìn wọn ni ó ń di ìṣàn iná tí ó ń mú kí iṣan ọkàn fún pọ̀, kí ó sì ti ẹ̀jẹ̀ jáde.

Ní 1952, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley fi ìdọ́gba ìṣirò ṣàlàyé irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ nínú iṣan ìmọ̀lára ẹran inú òkun tí a ń pè ní squid. Ṣùgbọ́n ìṣàn iná inú iṣan ìmọ̀lára kì í pẹ́ ju ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, nígbà tí ti ọkàn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ìdá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni Noble wá.

Àwòṣe ọdún 1960

Okùn Purkinje inú ọkàn àgùntàn ni Hutter àti Noble lò fún ìwádìí wọn. Wọ́n rí i pé nígbà tí iná sẹ́ẹ̀lì bá gbéra, ọ̀nà pòtásíọ̀mù kan máa ń dín ohun tí ó ń gbà kọjá kù, dípò kí ó fi kún un bíi ti iṣan ìmọ̀lára. Ọ̀nà pòtásíọ̀mù mìíràn sì máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí ni kì í jẹ́ kí iná ọkàn tètè wálẹ̀.

Noble fi àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sínú ìdọ́gba Hodgkin àti Huxley, ó sì lo kọ̀ǹpútà Mercury ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti yanjú rẹ̀. Aago méjì sí aago mẹ́rin òru ni wọ́n fún un láti lò ó. Àbájáde rẹ̀ jọ ìṣàn iná ọkàn gidi: ó pẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́. Kò sí ibì kankan nínú ìdọ́gba náà tí a ti pàṣẹ pé kí ọkàn lù. Àjọṣe àwọn ọ̀nà íónì ni ó bí ìlù náà. Ìwé ìròyìn Nature ni ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde ní 1960.

Àtúnṣe àwòṣe náà

Àwòṣe àkọ́kọ́ ní àbùkù. Kò sí ìṣàn kálísíọ̀mù nínú rẹ̀, nítorí náà sódíọ̀mù ni Noble ka iṣẹ́ kálísíọ̀mù sí lọ́rùn. Ní 1967 ni Harald Reuter fi hàn pé ìṣàn kálísíọ̀mù wà nínú ọkàn.

Àbùkù kejì kan orísun ìlù fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé ìṣàn pòtásíọ̀mù tí ń rọlẹ̀ ni ó ń mú okùn Purkinje bẹ̀rẹ̀ ìlù tuntun. Ní Oxford ní 1979, Hilary Brown, Dario DiFrancesco àti Susan Noble ṣàpèjúwe ìṣàn kan tí adrẹnalíìnì ń mú pọ̀ sí i láti mú kí ọkàn yára. A pè é ní ìṣàn “f”, láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funny, nítorí ìwà rẹ̀ ṣàjèjì: ìgbà tí iná sẹ́ẹ̀lì bá wálẹ̀ ni ó ń ṣí. Ní 1981, DiFrancesco fi hàn pé ìṣàn yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣì pè ní ti pòtásíọ̀mù. Noble kò takú sí èrò àtijọ́. Òun àti DiFrancesco ni wọ́n jọ gbé àwòṣe tuntun jáde ní 1985.

Ipa iṣẹ́ rẹ̀

Ìmọ̀ nípa ìṣàn “f” ni oògùn ivabradine dá lé, èyí tí ń dín iye ìgbà tí ọkàn ń lù kù. Bákan náà, àwọn oògùn kan tí kì í ṣe ti ọkàn lè dí ọ̀nà pòtásíọ̀mù kí wọ́n sì fa ìdàrú ìlù tí ó lè pa ènìyàn. Àwòṣe orí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ kí a tètè rí irú ewu bẹ́ẹ̀.

Àwòṣe tún fi hàn pé bí a bá dín ìṣàn “f” kù, àwọn ìṣàn mìíràn máa ń gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ìlù náà kò fi ní dáwọ́ dúró. Láti inú èyí ni Noble ti ń sọ pé kò sí apilẹ̀ṣẹ̀ tàbí purotéènì kan ṣoṣo tí ó ń darí ọkàn. Èrò yìí ni ó kọ sínú The Music of Life (2006). Àríwísí rẹ̀ sí àlàyé ẹfolúṣọ̀n tí ó gbilẹ̀ kò bá ọ̀pọ̀ onímọ̀ lára mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọkàn ti fìdí múlẹ̀.

Ó di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society ní 1979, ó sì gba oyè CBE ní 1998.