Ọwọ́ Ọmọdé àti Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ: Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe ní Quarry Bank

1. Ìfáàrà

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń gbà kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ: kíka ìwé, àti fífi ọwọ́ kan ohun tí ìtàn náà fi sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọ̀nà kejì gbà pé ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Èrò yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ibi tí ó mọ náà ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò, nípa lílo ilé-iṣẹ́ ìrànwú Quarry Bank ní Styal, ní agbègbè Cheshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọdé náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lọ kọ́ ìtàn níbẹ̀ lónìí.

2. Ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1784 ni Samuel Greg dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní etí odò Bollin, kí agbára omi lè máa yí ẹ̀rọ ìrànwú. Ìgbèríko ni ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kò sì pọ̀ nítòsí. Nítorí náà, ní 1790, Greg kọ́ Ilé Ọmọ-Iṣẹ́, ó sì ń gba àwọn ọmọ láti inú àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn aláìní. Nǹkan bí 90 ọmọ ni ó lè gbé inú ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn ni wọ́n ń rí gbà dípò owó iṣẹ́. Òfin ọdún 1802 ni ó pàṣẹ pé iṣẹ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́, àti pé kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ní 1847 ni ètò ọmọ-iṣẹ́ yìí dópin ní Styal. Ìdílé Greg fi ilé-iṣẹ́ náà fún National Trust ní 1939, iṣẹ́ òwò sì parí níbẹ̀ ní 1959.

Ọ̀rọ̀ náà "ọmọ-iṣẹ́" gba àlàyé. Láàrin Yorùbá, ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí yóò fi mọ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira, ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Styal kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kékeré nínú iṣẹ́ ni ó kan olúkúlùkù: kí ó gbá ẹ̀gbọ̀n òwú kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, tàbí kí ó so fọ́nrán tí ó já. Bí àdéhùn rẹ̀ bá parí, kò ní ẹ̀rọ, kò sì ní owó tí yóò fi rà á.

3. Ohun tí ọwọ́ lè kọ́

Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbìyànjú láti fi ọwọ́ ran òwú yóò rí i pé fọ́nrán náà ń já léraléra. Bí ó bá wá dúró níwájú ẹ̀rọ tí ó ń ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́nrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ìdí tí àwọn afọwọ́ranwú kò fi lè bá ẹ̀rọ díje. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ariwo rẹ̀ a máa bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀. Nínú Ilé Ọmọ-Iṣẹ́, ọmọ náà yóò rí ibùsùn tóóró tí ọmọ méjì-méjì ń pín. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó di òṣùwọ̀n. Ìwé nìkan kò lè ṣe èyí.

4. Ohun tí ọwọ́ kò lè dé

Èkíní ni ipá. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọmọ tí ó so fọ́nrán fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí yóò sì padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò tíì mọ ohun tí ojú Thomas Priestley rí. Ọmọ ọdún 13 ni Priestley nígbà tí òun àti Joseph Sefton, ẹni ọdún 17, sá kúrò ní Styal ní 1806. Nínú ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ níwájú àwọn adájọ́ ní Middlesex, Priestley sọ pé ẹ̀rọ ti gé òun ní ìka, àti pé àárò ìyá òun ń sọ òun.

Èkejì ni ibi tí òwú ti wá. Òwú tí ọmọ bá dì mú rọ̀, ó sì funfun, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ó ká a. Ẹrú ni ó ká púpọ̀ nínú òwú tí àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń rà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìdílé Greg pàápàá ní oko ìrèké ní Dominica, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kan ní Styal tí ó lè fi èyí han ọmọ. Àkọsílẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

5. Ìkádìí

Kì í ṣe pé kí wọ́n pa ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe tì. Ohun tí ó yẹ ni kí ọwọ́ ṣí ọ̀nà fún ìwé. Kí ọmọ so fọ́nrán tán, lẹ́yìn náà kí ó ka ẹ̀rí Priestley. Kí ó di òwú mú, kí wọ́n sì bi í léèrè ẹni tí ó ká a. Ẹ̀rí Sefton fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo. Ó sọ pé iṣẹ́ òun tẹ́ òun lọ́rùn; ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni iṣẹ́ àṣekún alaalẹ́, nítorí pé ó fẹ́ máa lọ sí ilé-ìwé ju bí wọ́n ti ń jẹ́ kí ó lọ. Ọwọ́ Sefton mọ ẹ̀rọ dáadáa. Ìwé ni wọn kò jẹ́ kí ó kọ́ tó. Olùkọ́ tí ó bá mú ọmọ lọ sí Styal láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ, tí kò sì fún un ní ìwé kà, ìdajì ohun tí Sefton ń fẹ́ ni ó fi dù ú.