Ìsọ̀rọ̀ Geere Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìsọ̀rọ̀ geere ni kí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu láìsí ìdíwọ́ púpọ̀. Ìyára, ìdánudúró àti àtúnsọ ni àwọn onímọ̀ èdè sábà fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ máa ń sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan. Òun náà ń dánu dúró, àmọ́ ìparí gbólóhùn ló ti wọ́pọ̀. Ẹni tó fi ṣe èdè kejì a máa dúró láàárín gbólóhùn, níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀. Ní 2002, àwọn olùwádìí Herbert Clark àti Jean Fox Tree ṣàlàyé pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìró “uh” ń kéde ìdúró ráńpẹ́, “um” ń kéde èyí tó gùn. Elédè méjì tó gbọ́ èdè méjèèjì láti kékeré lè sọ Gẹ̀ẹ́sì geere bí abínibí. Ohùn ìlú ẹni tó hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹni kò dín ìsọ̀rọ̀ geere kù.